Sí Àṣàkẹ́, Kí Ó Tó Lọ Ti Ilé Onírú

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti inú ilé tí o mọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí tí o mọ̀ mọ́. Ara mi le. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo sì ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, mo ṣì máa ń gbé omi ìwẹ̀ méjì kaná kí n tó rántí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni mo nílò. Èkejì ni mo fi ń fọ abọ́. Má jẹ́ kí èyí bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Mo kàn fẹ́ kí o mọ bí nǹkan ṣe rí ni.

Láti ìgbà tí o ti pa fóònù lánàá ni ọ̀rọ̀ rẹ ti wà lọ́kàn mi. O ní iṣẹ́ wolé-wolé tí kánsù gbà ọ́ sí ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, pé ọ̀gá rẹ ti kó àgádágodo lé ọ lọ́wọ́ pé kí o lọ ti ilé ìyá kan tó ń se irú ní ìhà Olódò lọ́jọ́ Ajé, nítorí pé àwọn aládùúgbò ń ráhùn òórùn àti omi dúdú tó ń ṣàn jáde. O ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi gbàdúrà kí ìyá náà má bú mi.” Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju àmín lọ, kò sì ṣeé sọ tán lórí fóònù tí owó inú rẹ̀ ń sáré. Ìyá rẹ ni ì bá sọ ọ́ fún ọ dáadáa, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí jù. Kò sí mọ́, ó wá ku èmi. Jókòó kí o kà á.

Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ ní Ìrókò, tí o ń lọ sílé ìwé girama, wolé-wolé kan ti ilé gàrí wa pa. A ò jẹ́ kí o gbọ́. A ò fẹ́ kí o máa ro owó ilé ìwé dípò kí o máa ka ìwé. O mọ ilé gàrí yẹn: ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní àárín, agbada tí a fi ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn onírin níwájú. Gbogbo obìnrin abà wa ló ń lò ó, ìyá rẹ sì ni olórí wọn. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ nígbà náà, inú agbada yẹn ló ti jáde.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọkùnrin náà gun ọ̀kadà dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹ̀gẹ́ oko wọlé ni, òkìtì lórí òkìtì. Ó wo ilẹ̀, ó wo omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó ní ìdọ̀tí nìyẹn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò fún ẹnì kankan ní ìwé. Ìyá Rasákì, tó ń bá wọn yan gàrí, ní kó tiẹ̀ jẹ́ kí àwọn kó ẹ̀gẹ́ jáde ná. Ó ní òfin kì í dúró de ẹ̀gẹ́. Ọmọ mi, ẹ̀gẹ́ náà kì í dúró de òfin. Ìwọ náà mọ̀ pé èyí tí a bá ti wú, bí kò bá tètè dé ẹnu ẹ̀rọ, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Kí wá ni àwa ọkùnrin ṣe? A lọ bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo ṣáájú. Èmi ni mo ka ìwé díẹ̀ láàárín wọn, èmi ni mo sì rò pé mo mọ bí a ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, a wọ agbádá, a gbé iṣu, a so àkùkọ kan lẹ́sẹ̀, a sì wá ilé ọkùnrin náà lọ. Ọmọ tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ ni. A dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Ó kọ́kọ́ ń sọ pé, “Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá, ẹ dìde,” ṣùgbọ́n nígbà tí a ò tètè dìde, ó fẹ̀yìn ti àga rẹ̀. Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń gùn. Ó ní, “Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín. Màá rò ó.” A dúpẹ́, a sì padà sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Àwọn obìnrin ń dúró dè wá lábẹ́ igi ọsàn.

Ìyá rẹ ní, “Bàbá Àṣàkẹ́, kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa.”

“Ẹ̀bẹ̀ kí? Ta la ṣẹ̀?”

Ìyá Rasákì dáhùn láti ẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́, “Àwọn ọkọ wa gbé àkùkọ lọ bẹ àkùkọ ni o! Èyí tí wọ́n gbé lọ á dé inú ọbẹ̀. Èyí tí wọ́n lọ bá á máa kọ ní tirẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà sì fi ìtìjú rẹ́rìn-ín. A ṣáà ń dúró pé ọkùnrin náà ń rò ó. Ó ń rò ó lọ títí òórùn ẹ̀gẹ́ fi ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìgbà tí òórùn náà dé àgbàlá wa ni ìyá rẹ ró aṣọ rẹ̀ tó dára, tó ní òun ń lọ sí sẹkitéríàtì kánsù, kí n tẹ̀lé òun. Mo tẹ̀lé e. Ní yàrá tí a kọ́kọ́ wọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nídìí tábìlì.

“Ìyá, kí lẹ ń fẹ́?”

“Mo fẹ́ mọ ẹni tó rán an.”

“Ẹni tó rán ta?”

“Wolé-wolé tó ti ilé gàrí wa.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá, òfin ló rán an.”

“Òfin ò lẹ́sẹ̀, ọmọ mi. Èèyàn ní í rán èèyàn. Ta ni?”

Ẹ̀rín ọmọ náà gbẹ. Ó ní ká lọ sí yàrá kejì. Yàrá kejì ní ká lọ sí òkè. Níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ro mí, tí mo fẹ́ sọ pé ká máa lọ sílé, a bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera kánsù pàdé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó fún ìyá rẹ ní àga. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, ó sì là wá lóye. Ó ní àwọn kánsẹ́lọ̀ ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò lè máa yẹ kòtò ìdọ̀tí wò láti ojúlé dé ojúlé, ni wọ́n ṣe pín in. Wọ́n fún wolé-wolé ní àṣẹ láti wọlé, láti wò, láti fi ìwé kìlọ̀, kí ó sì dá ọjọ́ tí onílé máa fi tún nǹkan ṣe. Títì pa, ọwọ́ ìgbìmọ̀ ni wọ́n fi sí. Ìgbìmọ̀ kò sì tíì gbọ́ orúkọ abà wa rí.

Àṣàkẹ́, mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ mi. Àṣẹ tí ọkùnrin yẹn kò ní, àwa la fi ìdọ̀bálẹ̀ gbé e fún un. Bí a bá lọ béèrè lọ́jọ́ kìíní ni, ẹ̀gẹ́ wa ì bá má jẹrà. Ìyá rẹ kò sọ ọ́ sí mi létí rí títí ó fi lọ. Ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Akọ̀wé ní ká kọ̀wé pé a kò fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kà á fún ìyá rẹ. Mo ti kí alága kánsù, mo ti kí ìyàwó rẹ̀, mo ti kí gbogbo ilé, mo ní a fi ìrẹ̀lẹ̀ wólẹ̀ níwájú wọn. Ìyá rẹ gbọ́ ọ títí, ó ní, “Ó dùn. Ibo lẹ ti sọ pé a ò gbà?” Kò sí níbẹ̀. Mo tún un kọ. Èyí kò ju ojú ewé kan lọ: ohun tí wọ́n ṣe, ẹni tó ṣe é, ìdí tí a kò fi gbà, ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Gbogbo obìnrin ilé gàrí fọwọ́ sí i, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ ìka. A ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa pé àwọn ti gbà á.

Ìgbìmọ̀ náà dìde wá sí abà. Wolé-wolé bá wọn wá. Kí a tó sọ ohunkóhun, ó ní, “Àwọn bàbá wọ̀nyí mọ̀ pé àwọn jẹ̀bi. Wọ́n wá bẹ̀ mí nílé mi.” Irọ́ kọ́ ló pa. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Obìnrin kánsẹ́lọ̀ tó ṣáájú wọn kọjú sí ìyá rẹ, ó ní, “Ìyá, ṣé òótọ́ ni?”

Ìyá rẹ ní, “Òótọ́ ni, mà. Àwọn ọkọ wa lọ kí i. Bí a bá pàdé màlúù lọ́nà oko, a máa ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á kọjá. Ìyẹn ò sọ ọ̀nà di ti màlúù.”

Ẹ̀rín sọ. Wolé-wolé náà fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó wá ní ọjọ́ tí a ní láti fi tako òun ti kọjá. Ìyá rẹ ní, “Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń kà á? Ẹ ò fún wa níwèé.” Ìgbìmọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbi tí kò sí ìwé. Wọ́n ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ohun tí ó kù nínú ẹ̀gẹ́ wa, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Bí mo bá dá ìtàn náà dúró síbí, mo pa irọ́ fún ọ nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, obìnrin kánsẹ́lọ̀ náà ní òun fẹ́ wo ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń lọ. Gbogbo wa tẹ̀lé omi náà gba àárín koríko dé odò. Eṣinṣin bo etí odò náà, òórùn rẹ̀ sì gbá wa nímú. Ìyá kan láti abà ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wá ibi tí omi ti mọ́ díẹ̀ láti pọn. Ó ní, “Ẹ̀yin ará òkè, ṣé ẹ ti wá rí ohun tí à ń mu?” Ó ní ewúrẹ́ àwọn ti kú nídìí rẹ̀, pé àwọn ti ránṣẹ́ sí wa rí, a ní kí wọ́n lọ gbẹ́ kànga. Òótọ́ ni. Lójú ọ̀nà àbọ̀, ìyá rẹ ní, “Ọmọkùnrin yẹn rí òótọ́ o, Bàbá Àṣàkẹ́. Ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.” Ìgbìmọ̀ ní a kò gbọ́dọ̀ rin ẹ̀gẹ́ títí a ó fi gbẹ́ kòtò síhà kejì, jìnnà sí odò, tí a ó sì fi sìmẹ́ńtì tẹ́ inú rẹ̀. A gbẹ́ ẹ. Àwọn ọkùnrin abà ìsàlẹ̀ wá bá wa gbẹ́ ẹ. Nígbà tí ìwọ wá sọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé iṣẹ́ wolé-wolé ni o fẹ́ kọ́, mo rò pé ìyá rẹ máa yarí. Ó kàn ní, “Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń jẹrà ló yẹ kó máa ṣe é.”

Nítorí náà, gbọ́ mi.

Èkíní, mọ ẹni tó rán ọ, kí o sì mọ ibi tí iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ pin sí. Ohun tí kánsù pín fún irú ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wà ní kíkọ sílẹ̀ níbì kan. Béèrè fún un kí o kà á. Èyí tí kò sí níbẹ̀, kò sí lọ́wọ́ rẹ, bí gbogbo Olódò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Má sì rò pé nígbà tí wọ́n ti pín in fún ọ, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí mo bá rán ọ lọ ra ẹran fún àlejò, tí o ra èyí tó ti bàjẹ́, èmi ni àlejò máa bá wí. Bẹ́ẹ̀ náà, ohun tí o bá ṣe, ti kánsù ni, wọ́n sì lè gba àṣẹ wọn padà nígbàkígbà.

Èkejì, ẹni tí a rán kì í déédéé rán ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ ni wọ́n rán. Ṣé wọ́n ní kó rán ọ? Kí ó tó di ọjọ́ Ajé, lọ bá a kí o sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìgbìmọ̀ ti ní ká tì í, àbí ká ṣì kìlọ̀ fún un? Ṣé èmi ló yẹ kí n lọ?” Fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè. Kúnlẹ̀ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n béèrè. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ a máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rán an. Ẹrú ni kì í béèrè. Bí ó bá bínú, má bá a jà. Ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ní kí o lọ tì í. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni inú wọn máa ń rọ̀ nígbà tí bírò bá dé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyá onírú ní ẹnu, aládùúgbò ní imú. Gbọ́ méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kàn ọ́ lára, yẹra. Onílé rẹ tó ń sin adìyẹ lẹ́yìn fèrèsé rẹ, tí o ní òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí o jẹun, ìwọ kọ́ ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Bí o bá dá a láre, wọ́n á ní nítorí owó ilé ni. Bí o bá dá a lẹ́bi, wọ́n á ní nítorí imú rẹ ni. Jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ.

Má gba àkùkọ. Má jẹ́ kí wọ́n wá bá ọ nílé. Èmi tí mo ti gbé e lọ rí ni mò ń sọ fún ọ: ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá, ìbẹ̀rù ló gbé e wá, ọjọ́ tí o bá sì jẹ ẹ́, o ti jẹ ẹnu rẹ.

Èyí tó kù ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mọ àwọn ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, kí o mọ̀ wọ́n ju àwọn tó fẹ́ tọ̀ wọ́n lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ kàn lè ní kí ìwọ fúnra rẹ sọ ìdí rẹ fún òun lórí ìwé. Ó lè kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, kó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀. Bí ìgbìmọ̀ kò bá gbọ́, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ lè gbé e dé ìjókòó kánsù. Ìjọba ní àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ń bẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fún ẹni tó bá tètè lọ. Ìyá rẹ ti múra sílẹ̀ láti tọ gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ló máa ń dun àwọn aráàlú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà kì í sọ. Má wà lára àwọn tí kì í sọ. Bí wọ́n bá sì yí ọ̀rọ̀ rẹ padà, má bínú, má dì wọ́n sínú. Wolé-wolé tiwa yẹn padà wá wo kòtò wa nígbà tí a gbẹ́ ẹ tán. Ìyá rẹ bu gàrí fún un, ó kọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún un nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, bí ọ̀gá rẹ bá ti dá ọ lóhùn, tó sì jẹ́ pé ìkìlọ̀ ni, lọ sọ́dọ̀ ìyá onírú náà lọ́wọ́ òfìfo. Kí i dáadáa. Bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kí o jẹ́ kó fi ìkòkò rẹ̀ hàn ọ́. Tẹ̀lé omi dúdú yẹn títí dé ibi tó ń dà sí, kí o fi ojú ara rẹ rí i. Lẹ́yìn náà kí o fún un ní ìwé, kí o sì kà á fún un bí kò bá mọ̀wé: ohun tó yẹ kó tún ṣe, ọjọ́ tó ní, àti ẹni tó lè lọ bá bí kò bá gba ọ̀rọ̀ rẹ.

O ní ẹ̀rù bà ọ́ kó má bú ọ. Yóò bú ọ. Jẹ́ kó bú ọ tán. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni pé kó kúnlẹ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀, má fẹ̀yìn ti nǹkan kan, má sọ pé o ti gbọ́. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o gbé e dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí o sọ pé, “Ìyá, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹ má bẹ̀ mí. Bí ẹ ò bá gbà, ibi tí ẹ máa lọ rèé.” Kí o sì fi ọ̀nà hàn án.

Èmi ni bàbá rẹ, tí yóò jókòó ti fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé.